Nọ́ńbà Ara Igi Ọdán

Fọ́ọ̀, náìnì, tú, sẹ́fùn. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun lónìí tí ẹ ní kí n ka nọ́ńbà kan fún yín, òun ni n ó kà. Kì í ṣe nọ́ńbà ọkọ̀ mi, nítorí mi ò ní ju alùpùpù ìjọba lọ nígbà náà. Nọ́ńbà ara pátákó àtijọ́ kan ni, tí wọ́n kàn mọ́ igi ọdán iwájú ọ́fíìsì wa ní Ìsẹ́yìn, níbi tí mo ti ṣe iṣẹ́ ayẹkọ̀wò fún ìjọba fún ọdún mọ́kànlá. Pátákó yẹn kọ́ mi níṣẹ́ ju gbogbo ìwé òfin tí wọ́n kó fún mi lọ. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ogun Bíáfírà ti parí ní bí ọdún mẹ́fà nígbà tí mo wọṣẹ́. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Ó máa ń fi sítáàsì sí kakí rẹ̀ débi pé bí ó bá bọ́ ọ sílẹ̀, kakí náà lè dá dúró. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ó gbé ìwé òfin ka iwájú mi, ó sì pa á dé kí n tó ka ojú ewé kan tán.

Ó ní, "Agbára tí ìjọba fún ọ nìyí. O lè dá ọkọ̀ dúró lójú títì. O lè fi ọkọ̀ tí kò dára pamọ́ síbí. O lè kọ̀ láti fún awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni kí o gba ìwé tí o ti fún ènìyàn padà."

Mo ní, "Kí ló le níbẹ̀, sà?"

"Orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé òfin kò gbà kí a kàn já ìwé gbà lọ́wọ́ ènìyàn bí ìgbà tí àṣá bá gbé òròmọdìẹ. A gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni náà. A gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú rẹ́jísítà. Ẹni tó sì fọwọ́ sí ìwé náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, kí ni mi ò ní gbọ́?

Kí n sọ bí a ṣe ń dán awakọ̀ wò nígbà náà. Ọdọọdún ni àwọn awakọ̀ èrò ń tún láísẹ́ǹsì wọn ṣe. Awakọ̀ yóò wa ọkọ̀ díẹ̀ níṣojú wa, yóò dáhùn ìbéèrè nípa àmì ojú títì. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró nídìí òkúta funfun kan, tó jìnnà sí igi ọdán ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, yóò sì ka nọ́ńbà tó wà lára pátákó ibẹ̀. Ìyẹn ni ìdánwò ojú.

Pátákó kan ṣoṣo yẹn ló sì wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀. Kò sí awakọ̀ láti Ìgànná dé Ìràwọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lórí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ṣeré àpatẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé: fọ́ọ̀, náìnì, tú, sẹ́fùn, ẹni tó bá ṣì í á jáde! Mo máa ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Èrò mi ni pé ẹni tí kò bá ríran kò ní lè wa ọkọ̀ dé ọ́fíìsì wa rárá, pé dídé tó dé gan-an ni ìdánwò. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún ni Bàbá Sílífà, ará Òtu, ìlú mi. Òun ló ni lọ́rì onípákó tí wọ́n kọ Ẹ̀SỌ̀ LAYÉ GBÀ sí níwájú. Òun ló sì kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé módà. Bí mo bá ki jíà tó ké, ìkúùkù rẹ̀ á ti bà mí ní àtàrí.

Á ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni? Etí lèèyàn fi ń wakọ̀, Àkànní. Ojú kàn ń bá a lọ ni."

Nígbà àkọ́kọ́ tó bá mi lórí àga ọ́fíìsì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un tòun ti kakí lára mi. Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ pariwo, wọ́n ní ìjọba ti dọ̀bálẹ̀ fún lọ́rì. Bàbá lọ dúró nídìí òkúta funfun. Kí n tó la ẹnu, ó ti ka nọ́ńbà náà tán, kíá bí ẹni ka Fátíhà. Mo tẹ òǹtẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ṣé n ó wá ní kí ẹni tó kọ́ mi ní ọkọ̀ tún wá nǹkan mìíràn kà ni? Ojú tilẹ̀ tì mí pé mo jẹ́ kí ó dúró lóòrùn.

Bàbá ní ọmọṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Kàdírì. Mọ́tò bọ́ì ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, ó ti bímọ mẹ́rin. Ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ṣùgbọ́n kò gba fúrídọ̀mù rí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní òun ò lè máa du sítíárìn mọ́ ẹni tó wo òun dàgbà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu Kàdírì ju èrò inú ọkọ̀ lọ.

Ní ọdún yẹn kan náà, mo bá wọn lọ sílé fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá wà nídìí sítíárìn, Kàdírì wà láàárín, èmi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn wa ni àwọn obìnrin ọjà jókòó sí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òrí àti ti ẹyẹ awó. A kò tíì kúrò ní Ìsẹ́yìn tí Kàdírì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ewúrẹ́ méjì lọ́tùn-ún o, Bàbá. Oníkẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀, ó ti yà fún wa. Kòtò àná wà lósì, ẹ fà á díẹ̀. Ẹ fà á sí i. Ó ti tó."

Mo wo Kàdírì, mo wo Bàbá. Ní ọkàn mi, mo ní sùúrù Bàbá mà pọ̀ o. Bí èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀ tí ẹnì kan ń ka gbogbo ewúrẹ́ Òkè-Ògùn fún mi báyìí, mo ti ní kó lọ jókòó ti àwọn awó. Nígbà tí a dúró ní Ìpàpó, mo ra àkàrà gbígbóná. Kí n sòótọ́, kì í ṣe inúure nìkan ni mo fi fún Kàdírì ní mẹ́rin nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi.

Ẹnu rẹ̀ sì sinmi lóòótọ́. Ó ń jẹ àkàrà, èmi ń jẹ tèmi, ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí tí a fi dé afárá tóóró kan ṣáájú Òtu. Lójijì ni mo rí i pé a kò kọjú sí afárá mọ́. Inú odò la kọjú sí.

Kàdírì tu àkàrà síta. "Ọ̀tún! Ọ̀tún, Bàbá! Ọ̀tún!"

Bàbá fa sítíárìn. Ara lọ́rì ha irin afárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn awó ń ké, àwọn obìnrin ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tó ń jẹ́. Nígbà tí a dúró lódì kejì, Ìyá Àsàbí, ẹni tó ni àwọn awó, sọ̀ kalẹ̀, ó wá síwájú.

"Bàbá Sílífà, kí ló dé? Ṣé ẹ sùn ni?"

Bàbá ní, "Eṣinṣin ló kó sí mi lójú."

Gbogbo wa gbà á gbọ́. Èmi ayẹkọ̀wò, tí ìjọba ń sanwó fún kí ojú mi lè là, mo gbà á gbọ́ pẹ̀lú wọn. Ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu pé Kàdírì ń sunkún nítorí ohun tó ti kọjá. N kò tún fún un ní àkàrà mọ́, n kò sì mọ ìdí tí mi ò fi fún un.

Ọdún yípo. Nínú ọyẹ́ ọdún kejì, afẹ́fẹ́ kan jà tó já pátákó kúrò lára igi ọdán, ó fọ́ sí méjì. Mo wá nọ́ńbà lọ́rì àlòkù kan nínú ilé ìkẹ́rùsí, mo gbé e kọ́ síbẹ̀. Síkísì, wáànù, tíríì, ẹ́ìtì. N kò kéde rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò jọ ohun tó yẹ ká kéde.

Bàbá Sílífà dé ní ọjọ́ kejì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí láísẹ́ǹsì rẹ̀ parí, kì í sì í ṣe ẹni tí ń dúró dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ó wa ọkọ̀ wọ ọgbà, ó bọ́ sílẹ̀, Kàdírì sì gbé garawa lọ pọn omi rédíétọ̀. Àwọn awakọ̀ bíi mẹ́fà jókòó sábẹ́ òjìji. Bàbá rìn tààrà dé ìdí òkúta funfun, ó gbójú sókè, ó dẹ́rìn-ín sí igi ọdán.

"Fọ́ọ̀, náìnì, tú, sẹ́fùn."

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi nítorí pátákó tuntun. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó ń yí orí kiri bí ẹni ń wá ibi tí ẹ̀rín ti wá. Mo wẹ̀yìn, mo rí Kàdírì tó ń ti ìdí kànga bọ̀. Ó ti rí pátákó. Ó dúró gbagidi, garawa dà lé e lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ibẹ̀ ni àkàrà Ìpàpó ti padà wá sí mi lọ́kàn. Ewúrẹ́ méjì lọ́tùn-ún, kòtò lósì, ẹ fà á díẹ̀. Èmi ni mo pa ẹnu Kàdírì mọ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú èrò bí ogójì lẹ́yìn wa.

Mo purọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọ̀gá wa ní kí n yẹ bíréèkì gbogbo lọ́rì wò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ yín sílẹ̀ fún wa. Ẹ bá ọkọ̀ mìíràn lọ sílé, mo ń bọ̀ lọ́la."

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ láì bi mí ní ohun kankan. Ìyẹn dùn mí ju bí ìbá ṣe bínú lọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí. Ó fi pẹ́ńsùlù ha orí.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù lórí ìwé ọ̀hún. Bí o bá jẹ́ kó parí fúnra rẹ̀, tí o kàn kọ̀ láti tún un ṣe, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan. Bí o bá gbà á padà lónìí, wàá kọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà á kàn ọ́. Àwọn ọ̀gá wa ní Ìbàdàn á sì kà á."

Mo ní, "Ṣé ó lè wakọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọ̀hún, sà?"

"Ìwé rẹ̀ ní ó lè wà á. Orúkọ rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Mo ka ọjọ́ ọjà tó wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́kàn, mo sì ka èrò ogójì fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Mo sọ rẹ́jísítà sínú àpò, mo gun alùpùpù lọ sí Òtu ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. N kò ní pa á mọ́ fún yín, mo sunkún lójú ọ̀nà. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bá Bàbá lórí ẹní níwájú ilé, Kàdírì jókòó tì í. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde kíákíá.

Bàbá ní, "Dìde, Àkànní. Bíréèkì mi ò ní nǹkan kan, àbí?"

"Kò ní nǹkan kan, Bàbá. Irọ́ ni mo pa. Òfin ní kí n gbọ́ tẹnu yín kí n tó kọ ohunkóhun."

Ó ní, "Ọdún kẹta rèé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín. Bí ìwọ ṣe dọ̀bálẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé ènìyàn ló dọ̀bálẹ̀, ohùn rẹ ni mo fi mọ̀ pé ìwọ ni. Wọ́n wò ó ní ọsibítù Ṣakí, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ò lè tún un ṣe. Mo fẹ́ sọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ sọ. Bí ọwọ́ mi bá ti kan sítíárìn, n ó ní ó di ọjọ́ mìíràn." Ó yí ojú sí mi. "Ta ló fọwọ́ sí i fún mi lésìí?"

"Èmi ni, Bàbá. N kò yẹ ojú yín wò. Ojú ń tì mí láti dán ọ̀gá mi wò."

"Ojú ń ti èmi náà láti sọ. Àwa méjèèjì la fẹ́ pa àwọn èèyàn wọ̀nyí."

Ibi tí a dé nìyẹn tí Ìyá Àsàbí fi dé pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta. Wọ́n ti gbọ́ pé mo gba lọ́rì, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ kí n tó lè dá wọn dúró.

Ìyá Àsàbí ní, "Ọmọ wa, ẹ fojú àánú wò wá. Ọdún méjìlélógún ni Bàbá Sílífà ti ń gbé wa lọ sí Ṣakí. Ẹnikẹ́ni ò já bọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí. Bí ẹ bá mú lọ́rì yìí, inú ilé la máa jẹ awó wa."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi láti sọ jáde. Bàbá ló sọ ọ́.

"Ìyá Àsàbí, ẹ rántí afárá. Kò sí eṣinṣin kankan. N kò rí afárá ni."

Ìyá Àsàbí wò ó. Ó yíjú sí Kàdírì díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i bí ó ṣe ń ro gbogbo ìrìn àjò ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kàdírì. Ìwọ ló ń wà wá?"

Kàdírì dorí kodò. "Ẹnu lásán ni mo fi ń wà á, Ìyá."

Kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Bàbá na ọwọ́ sí mi pé kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ lọ́rì. Mo fún un. Ó pe Kàdírì pé kó kúnlẹ̀. Nígbà tí Kàdírì mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó ń fà sẹ́yìn.

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ṣì wà láyé. N ò lè jókòó sí àyè yín."

Ìyá Àsàbí ló dá a lóhùn. "Kàdírì, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwọ lo ní ojú. Gba kọ́kọ́rọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe fúrídọ̀mù Kàdírì, láìsí àga yíyá, láìsí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ kàn án níwájú orí, ó wúre fún un, àwọn obìnrin ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni ó fa láísẹ́ǹsì rẹ̀ yọ láti inú àpò dàńṣíkí, ó nà án sí mi.

"Ìwọ ni mo kọ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló wá gbà á, ìbá dùn mí."

Mo ṣí rẹ́jísítà lórí orúnkún mi níbẹ̀, mo kọ ọ́: Ojú awakọ̀ kò dára mọ́. Èmi tí mo fọwọ́ sí i lésìí kò yẹ ojú náà wò. Àṣìṣe tèmi ni. Mo kà á sókè kí Bàbá lè gbọ́, nítorí òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó mi orí.

Ìbàdàn kà á lóòótọ́. Kúẹ́rì dé, ó gùn ju ìwé tí mo kọ lọ, ìgbéga tó yẹ kí n gbà lọ́dún náà sì fò mí. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí bá mi fèsì rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ dá mi dúró kí wọ́n kọ́kọ́ dá òun dúró, òun tó gbé pátákó kan ṣoṣo kọ́ sára igi láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. N kò mọ̀ pé òun ló gbé e kọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, pátákó mẹ́wàá ló ń wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì mi, n kò sì jẹ́ kí ọ̀kan lo ọjọ́ méjì lára igi. Inú bí àwọn ọmọ àdúgbò. Mo ba eré wọn jẹ́.

Kàdírì wá ṣe ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo fi pátákó mẹ́ta dán ojú rẹ̀ wò, ó kà wọ́n bí ẹni ń ka owó ọwọ́ ara rẹ̀. A wá wọ ọkọ̀. Òun wà nídìí sítíárìn, èmi jókòó tì í pẹ̀lú ìwé mi, Bàbá Sílífà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ àkàrà. Mo ti fẹ́ sọ fún Bàbá pé òfin kò gba ẹlòmíràn láàyè nínú ọkọ̀ ìdánwò. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Kàdírì tẹná, a jáde sójú títì. Kò pẹ́ tí ó fi tún bẹ̀rẹ̀.

"Ewúrẹ́ kan lọ́tùn-ún o. Ìyá alápẹ̀rẹ̀ ń kọjá. Kòtò wà lósì…"

Mo ní, "Kàdírì, ìwọ lò ń wakọ̀. Ta lò ń sọ ọ́ fún?"

Ó wò mí bí ẹni tí ojú tì. Kó tó dáhùn, a dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Bàbá Sílífà na etí, ó gbá ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìkúùkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Jíà kejì, Kàdírì. Mo ti gbọ́ ọ."

Kàdírì ki jíà kejì. Kò ké rárá. Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì tún fi jọ wa lọ́rì yẹn, ọ̀kan ń ka ojú ọ̀nà sókè fún ẹni tí kò wakọ̀ mọ́, èkejì ń fi etí bá a mú jíà.

Èmi náà ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Ní ọdún tó kọjá, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú ilé, mo wo nọ́ńbà ọkọ̀ aládùúgbò wa lódì kejì títì. Mo mọ̀ ọ́n lórí, mo sì kà á tán kí n tó rí i pé ọkọ̀ mìíràn ló wà níbẹ̀. Mo wọlé, mo mú láísẹ́ǹsì mi, mo wá bírò. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń kọ. Mo ní òfin ni mò ń tẹ̀ lé: ẹni tó bá gba ìwé padà gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì nawọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ìyàwó mi.